Àtùpà Ojú Fèrèsé

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni mo máa ń na agboorùn pupa sókè
lẹ́nu èbúté, kí àwọn tó sanwó lè rí mi.
Mo máa ń ka orí: mọ́kànlá, méjìlá, ọmọ kan lọ́rùn bàbá rẹ̀,
àti ajá ìgboro tó ń tẹ̀ lé wa lọ́fẹ̀ẹ́.
"Nibaldo ni wọ́n ń pè mí. Ẹ káàbọ̀ sí Valparaíso.
Ẹ so okùn bàtà yín le, ìlú wa kò mọ ilẹ̀ títẹ́jú."

Àpótí irin kan wà tí ń fi okùn wáyà gun òkè,
ó ń ké bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí ìjókòó;
inú rẹ̀ la máa ń há sí, èjìká sí èjìká,
tí òkun á máa ṣubú lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa,
tí ọkọ̀ akẹ́rù á di páálí ìṣáná.
Wọ́n ní òkè méjìlélógójì ló wà níbí.
Èmi tí mò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, n kò kà á rí.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé àlejò kò fẹ́ òkúta lásán.
Fi ògiri hàn án, yóò bi ọ́ pé ta ló sunkún níbẹ̀.
Nítorí náà, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn,
lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo òkun, tí n kò rí nǹkan nàka sí,
mo dúró níwájú ilé onílẹ̀kùn búlúù kan,
páànù ara rẹ̀ ti dípẹtà,
mo sì fi ẹnu bí opó kan.
Mo fún un lọ́kọ. Mo fi ọkọ sínú ọkọ̀.
Ọkọ̀ rì, n kò jẹ́ kí ọkọ padà.
Mo ní láti ìgbà náà, alaalẹ́ ló ń tan àtùpà sójú fèrèsé.
Obìnrin ará Kánádà kan nu ojú.
Owó ọpẹ́ ọjọ́ yẹn pọ̀.

Irọ́ tó bá ń pa owó wọlé, ẹnu kì í pa á tì.
Mo fi lẹ́tà tí kò dé kún un.
Mo sọ ọkọ di ẹni tó mọ gìtá ta.

Oṣù Kẹta tó kọjá, mo ti dé ibi lẹ́tà,
ilẹ̀kùn ṣí.
Ìyá kan jáde, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá,
ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó jí ṣúgà.
Ẹ̀jẹ̀ mi dúró. Àwọn àlejò ń gbé fóònù sókè.
Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọ lẹ́sẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀:
"Òótọ́ ni. Àmọ́ gìtá kọ́. Fèrè ni."
Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Mo padà lọ nírọ̀lẹ́, èmi nìkan, n kò mú agboorùn.
Ismenia ni orúkọ rẹ̀; iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti fẹ̀yìn tì.
"N kò lọ́kọ rí," ó ń gé àlùbọ́sà, "ẹ̀rù omi sì ń bà mí.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ ẹ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.
Lákọ̀ọ́kọ́, mo fẹ́ da omi lé ọ lórí.
Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn èèyàn rẹ máa ń wo fèrèsé mi
tí wọn kì í rí nǹkan kan.
Ó wá ń ṣe mí bíi pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè.
Mo ra àtùpà lọ́jà àlòkù."
Ó nàka. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń jó, gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere.
Ọ̀sán ni iṣẹ́ mi; n kò gòkè wá síbí lálẹ́ rí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jẹun ná.
Ó wá bi mí, bí ẹni ń béèrè iyọ̀: "Kí ni orúkọ rẹ̀?"
"Ta ni?"
"Ọkọ mi."

Ọdún mẹ́sàn-án, n kò fún un lórúkọ.
Ẹja ń tutù nínú àwo wa. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ kan fọn fèrè.
Mo ń dá orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń mi orí:
rárá, kò jọ ti ẹni tí mo lè dúró dè.